Ààbọ̀ Ọ̀rọ̀

Aago mẹ́ta ìdájí ní Dundee. Afẹ́fẹ́ odò Tay ń kan fèrèsé,
ó ń bèèrè ẹni tó ṣì jí.
Èmi ni. Èmi àti ẹ̀rọ tó ń ṣe hùn-ùn
àti garawa yìnyín kékeré tí mo fi ń tọ́jú RNA,
nítorí ohun ẹlẹgẹ́ ni: òógùn ọmọ ìka kan ṣoṣo
tó láti jẹ ẹ́ run kí n tó mí.
Eilidh ló kọ́ mi: “Ìbọ̀wọ́ méjì, Ìbíwùmí,
má sì fọwọ́ kan irun rẹ.”

Wò ó bó ṣe ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì.
Nínú ìyẹ̀wù, níbi tí ìwé ìran wà ní kíká,
wọ́n da ọ̀rọ̀ kan kọ. Ó gùn, kò jọ ohun tó níláárí,
kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí yóò di ẹran tàbí egungun.
Ó ká padà sórí ara rẹ̀ bí ìkọ́ irun.
Abẹ kìíní dé, ó gé gbòǹgbò, ó gé ìtàkùn,
ó ku ìkọ́ nìkan.
Onílẹ̀kùn kan gbé e pọ̀n kọjá ẹnu ọ̀nà
sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbalasa.
Níbẹ̀ ni aránṣọ wà.

Dáísà ni wọ́n ń pè é nínú ìwé.
Mo pè é ní aránṣọ nítorí ìyá mi ní Ìkìrè
tí kì í wá okùn ìwọ̀n bó bá fẹ́ gé aṣọ:
á fi etí aṣọ ti àtàǹpàkò, á nà án dé ìgbọ̀nwọ́, á gé.
Bẹ́ẹ̀ náà ni Dáísà. Ó di etí okùn mú,
ó fi ara rẹ̀ ṣe ìwọ̀n,
léta méjìlélógún, ó gé.
Nígbà mìíràn, mọ́kànlélógún. Aránṣọ a máa ṣi abẹ.

Okùn méjì ló kù, wọ́n fara mọ́ra.
Ágónọ́ọ̀tì gba ọ̀kan sí àtẹ́lẹwọ́,
ó ju èkejì nù.
Mi ò mọ ìdí tí àánú rẹ̀ fi máa ń ṣe mí,
èkejì yẹn, tó bá a rìn láti ìyẹ̀wù.

Èyí tó kù kéré. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó,
kì í ṣe mímì fún adìẹ.
Ó ń wá ìwé àṣẹ tí wọ́n fẹ́ kà síta.
Léta méje péré ló fi ń bá a mu,
kò dúró gbọ́ ìyókù.
Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí;
ó dé inú ìwé náà, ó di odindi,
òǹkàwé sì pa ẹnu dé.

Ojú ìyá mi nìyẹn.
Àlejò gbé ẹja síwájú mi, mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà,
mo ti la ẹnu, mo ti na ọwọ́.
Ìyá mi kò sọ nǹkan kan. Ó wò mí.
Mo ní, “Mo ti yó, ẹ ṣeun, sà.”
Nínú bọ́ọ̀sì tó gba Hawkhill, lọ́jọ́ Ẹtì,
ìyá kan ń bá ọmọ rẹ̀ jiyàn lórí ṣokoléètì
láti ibùdókọ̀ kan dé ìkẹrin.
Ó ṣe mí bíi kí n yá a ní ojú yẹn.

Ọdún yìí, awọ funfun ti bo ojú náà.
Wọ́n ní iṣẹ́ abẹ, wọ́n ní ó di oṣù kẹsàn-án.
Ó pè mí lálẹ́ yìí, ojú rẹ̀ kún inú fóònù,
ó ń wá mi lápá òsì, níbi tí n kò sí.
“Ṣé o ti jẹun?”
Irọ́ ti wà lẹ́nu mi, ó gùn, ó ti ń ká.
Ó kàn wo ọ̀gangan ibi tó rò pé mo wà.
“Rárá, Màámi. Láti àárọ̀.”

Mo fa fíìmù jáde nínú òkùnkùn, omi ń kán lára rẹ̀.
Àmì kan, dúdú, tẹ́ẹ́rẹ́,
níbi méjìlélógún gẹ́lẹ́.
Mo fi í kọ́ kó gbẹ, mo wá búrẹ́dì lọ.